Ojú Ìwé Kẹtàdínláàádọ́ta

Oṣù mẹ́sàn-án la fi ṣe é, oyún pé.
Ọ̀gá Ògúnṣọlá ti yàwòrán rẹ̀ tán
kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà:
ojú ìwé méjìléláàádọ́fà, bírò dúdú,
òǹtẹ̀ lókè, òǹtẹ̀ nísàlẹ̀.
Bàbá Mufútáù, alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù onípákó Bódìjà,
tẹ àtàǹpàkò sí i, ó ní ó pé, ó péye.

Ọ̀gá a máa ní, "Ẹ wo Ilé Àkòkó ní Dùgbẹ̀.
Ta ló kọ́ òkè rẹ̀ kó tó rántí ìpìlẹ̀?
Bí a bá ti kúrò níbì kan, ó tán níbẹ̀.
Omi Ògùnpa kì í ṣàn gòkè Màpó."
A dákẹ́.
Ta ni yóò bá Ògùnpa jiyàn?

Lọ́jọ́ tá a gbé e lọ fún wọn, òjò ń ṣú,
Bàbá Mufútáù wo ojú ẹ̀rọ
bí ẹni ń wo pákó tó wọ́.
Ó ní, "Ibo la ó ti kọ owó lọ́rì sí?"
Owó lọ́rì wo?
"A ò dáwó olóṣooṣù mọ́. Láti ìgbà Ààwẹ̀,
iye lọ́rì tó já igi sílẹ̀ la fi ń dá a."
Ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta ní: olóṣooṣù.
Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀.
Òǹtẹ̀ ò parọ́. Ọjọ́ ló yí.

Ni Tìwálọlá bá dé láti Agbowó,
ọmọ tí kò lè jókòó sójú kan.
Àràárọ̀, ìdúró la fi ń ṣèpàdé:
kí lo ṣe lánàá, kí ló dí ọ lọ́wọ́, ó parí.
Lọ́sẹ̀ méjì méjì, lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀,
ohun tó bá délẹ̀ la ń gbé lọ sí sọ́ọ̀bù pákó,
ì báà jẹ́ bọ́tìnì kan ṣoṣo.
Wọ́n á ní, "Èyí kọ́." A ó yọ ọ́.
Wọ́n á ní, "Ó kù díẹ̀." A ó bù kún un.
Tìwálọlá ní, "Ẹ wo agboolé Bẹẹrẹ:
ọmọ gbéyàwó, wọ́n fi yàrá kan kún un,
ìyàwó bímọ, wọ́n ti ògiri síwájú.
Ta ló yàwòrán ẹ̀? Ṣé wọn ò sùn níbẹ̀ ni?"

Inú wa dùn. Mo parọ́ bí mo bá ní kò dùn.

Àmọ́ ẹ ti rìn ní Bẹẹrẹ lóru rí?
Ọ̀nà tó jáde sẹ́yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni,
gọ́tà tí kò mọ ibi tó ń lọ.
Lọ́sẹ̀ kejìlá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin
sọnù nínú ìṣirò èlé.
Kò sẹ́ni tó jí i.
Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti tún ibẹ̀ ṣe, a ò kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀.
Ìdúró la fi sọ ọ́,
ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹsẹ̀ wa rìn lọ.

Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi ń kú lọ,
mo ṣí fáìlì Ọ̀gá.
Ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n:
bí a ti ń ṣírò èlé,
bó bá ṣẹ́ku kọ́bọ̀, ibi tí kọ́bọ̀ yóò sùn.
Láti èṣín ló ti rò ó.
Mo káwọ́ lérí.

Bàbá mi, bíríkìlà l'Ókè-Àdó, a máa ní
ibi tí a ò ní lè rí mọ́ ni kí á wọ̀n dáadáa,
ibi tójú ń tó, a lè tún un kùn.
Kò mọ kọ̀ǹpútà. Kò tiẹ̀ fẹ́ràn fóònù.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá, Ọ̀gá Ògúnṣọlá tẹ̀ lé wa.
Ó dúró lẹ́yìn, lẹ́búlẹ́bú pákó bo bàtà ẹ̀.
Wọ́n fún un ní bẹ́ǹṣì, ó ní òun fẹ́ dúró.
Nígbà tí Bàbá Mufútáù ní, "Ẹ yọ ibí yìí,"
mo rí i tó ṣí ìwé, tó mú bírò jáde lápò,
tó wò ó,
tó dá a padà,
tó yá pẹ́ńsùlù létí káfíńtà kan.